Ariwo gìtá Metal àti ohùn tó gbọdọ̀ ṣe ketekete: iṣẹ́ ọwọ́ píkọ̀ọ̀pù

Tí wọ́n bá ní kí ọmọ Yorùbá dárúkọ àwọn tó mọ gìtá ta, orúkọ Sunny Adé àti Ebenezer Obey ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Gìtá inú orin jùjú dà bí omi odò tó ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ohùn kọ̀ọ̀kan dá dúró, èyíkéyìí kì í gorí èkejì. Ṣùgbọ́n orin kan wà lókè òkun tí tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Heavy Metal ni wọ́n ń pè é, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sì gé e kúrú sí Metal. Gìtá kì í ṣàn wẹ́rẹ́ níbẹ̀, ńṣe ló ń bú ramúramù bíi kìnnìún tí ebi ń pa. Ẹni tí kò mọ̀ lè sọ pé ariwo lásán ni wọ́n ń pa, pé kò sí ohun tí wọ́n ń tò níbẹ̀. Irọ́ ni o. Ohun tó ń kó ìrònú bá àwọn onígìtá Metal gan-an ni bí ariwo náà yóò ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí etí yóò sì tún gbọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan ketekete. Owó ńlá ni wọ́n ń ná lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń ná an dànù.

Ohun tí wọ́n ń náwó lé lórí náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. Píkọ̀ọ̀pù lorúkọ rẹ̀, kì í sì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi ń kó iṣu àti ata wọ ìlú o. Abẹ́ okùn gìtá ni wọ́n ń dè é mọ́, ó lè jẹ́ ẹyọ kan, ó lè jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Òun ni etí gìtá oníná. Ohun tí kò bá gbọ́, kò sí bí ampilifáyà ṣe lè sọ ọ́ jáde. Ohun tó bá sì ṣì gbọ́, àṣìgbọ́ yẹn gan-an ni ampilifáyà yóò máa pariwo rẹ̀ fáyé gbọ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le rárá. Òòfà ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun orí wé e yípo, bí ìgbà tí aránṣọ bá wé òwú mọ́ kẹ̀kẹ́ òwú. Yíyípo náà lè tó ìgbà 5,000. Irin ni okùn gìtá oníná. Nígbà tí ọwọ́ bá ta okùn náà, tó ń gbọ̀n rìrì lókè òòfà, ńṣe ló ń da agbára òòfà láàmú, ìdààmú yẹn ló sì ń bí iná mànàmáná táṣẹ́rẹ́ sínú wáyà bàbà. Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló tú àṣírí yìí ní ọdún 1831, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ronú kan gìtá oníná. Ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí George Beauchamp, olórin kan ní Los Angeles, àti Adolph Rickenbacker tó gbé gìtá oníná wọn dé ọjà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1930 sí 1940. Páànù ìdínǹkan ni àwọn èèyàn fi ń pe gìtá náà nítorí bó ṣe rí. Ọdún 1937 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún Beauchamp ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀.

Àléébù kan wà lára píkọ̀ọ̀pù ayé ìgbà náà. Wáyà tí wọ́n wé bẹ́ẹ̀ kì í gbọ́ ti okùn nìkan, ó tún máa ń gbọ́ ti iná tó wà nínú ilé. Iná mànàmáná tó ń wọlé ní Nàìjíríà ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú un wá. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Píkọ̀ọ̀pù á gbé lílọ-bíbọ̀ yìí, á sì máa kùn hùn-ùn-ùn láti inú ampilifáyà. Nínú orin wẹ́rẹ́, èèyàn lè fara dà á. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yí agbára ampilifáyà dé ibi tí àwọn onímetal ń yí i dé, kíkùn náà á di ti ẹ̀rọ ìlọta.

Seth Lover, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ Gibson ní ìlú Kalamazoo, ìpínlẹ̀ Michigan, ló rí ojútùú sí i ní 1955. Ìdì wáyà méjì ló tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn dípò ẹyọ kan. Ó jẹ́ kí orí òòfà tó kọjú sí okùn níbi ìdì kìn-ín-ní yàtọ̀ sí ti ìkejì, ó sì so wáyà wọn ní ìdàkejì ara wọn. Ọ̀rọ̀ wá dà bíi ti ọkùnrin méjì tí agbára wọn dọ́gba tí wọ́n ń ti mọ́tò kan, ọ̀kan wà níwájú, èkejì wà lẹ́yìn. Mọ́tò kò ní kúrò lójú kan. Bí kíkùn iná ṣe ń kú nìyẹn. Ohùn okùn ní tirẹ̀, nítorí pé òòfà náà ti yí padà, ńṣe ni ìdì méjèèjì ń pawọ́ pọ̀ tì í síwájú. Humbucker ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn apakíkùn. Ọdún 1957 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sára gìtá Gibson, wọ́n sì lẹ ìwé kékeré mọ́ abẹ́ rẹ̀ pé àwọn ti béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́. Àwọn tó ṣẹ́ kù nínú àwọn oníwèé yẹn lónìí, owó gọbọi ni wọ́n ń tà wọ́n. Ó sì ṣọ̀wọ́n kí èèyàn tó rí onígìtá Metal tí kì í lo irú apakíkùn kan tàbí òmíràn.

Ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé Metal ti ṣẹ̀. Tony Iommi jẹ́ ọmọ ọdún 17, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé irin pẹlẹbẹ. Ọjọ́ tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà ni ẹ̀rọ gé ṣóńṣó ìka méjì kúrò lára ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni Iommi, ọwọ́ ọ̀tún yẹn gan-an ló sì fi ń tẹ okùn. Ẹlòmíràn ì bá gbé gìtá jù sígbó. Iommi yọ́ ike, ó mọ ọ́n bíi fìlà sórí ìka méjèèjì, ó fi awọ bò ó, ó sì padà sídìí gìtá rẹ̀. February 13, 1970 ni ẹgbẹ́ rẹ̀, Black Sabbath, gbé àwo orin wọn àkọ́kọ́ jáde. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe Master of Reality ní 1971, ó ti ń dẹ okùn gìtá rẹ̀ wálẹ̀ nínú àwọn orin kan kí títẹ̀ rẹ̀ lè rọ ìka náà lọ́rùn. Ohùn gìtá wá jinlẹ̀ bíi ti gbẹ̀du. Àwọn tó tẹ̀lé e dẹ tiwọn ju tirẹ̀ lọ, wọ́n sì yí ampilifáyà sókè ju bó ṣe yí i lọ. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ẹ wo ìyá oníṣòwò gaàrí lọ́jà. Bó bá bu gaàrí sínú kọ́ńgò tó ga gogoro, tó wá fi ọwọ́ rẹ́ orí rẹ̀, gbogbo èyí tó bá ti ga ju ẹnu kọ́ńgò lọ ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ampilifáyà ń ṣe sí ìgbì ohùn nìyẹn nígbà tí wọ́n bá yí agbára àkọ́wọlé rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní géènì, sókè dé góńgó. Orí ìgbì náà á rẹ́ pẹrẹsẹ. Rírẹ́ yẹn ló ń mú kí gìtá bú bó ṣe ń bú. Ṣùgbọ́n kì í rẹ́ lásán: ìgbì tí wọ́n bá rẹ́ lórí máa ń bí ohùn mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò ta. Tí ohùn méjì bá wọlé pọ̀, iye gbígbọ̀n wọn tí a rò pọ̀ á di ohùn kan, ìyàtọ̀ àárín wọn á di òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ wò. Okùn E tó nípọn jù lára gìtá ń gbọ̀n bíi ìgbà 82 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn B tó wà lókè rẹ̀ ń gbọ̀n bíi ìgbà 123. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 41, tó jẹ́ ìdajì 82 gẹ́lẹ́, èyí tó túmọ̀ sí pé ohùn E náà ni, àmọ́ ó sọ̀ kalẹ̀ sí i. Inú onígìtá dùn, nítorí ó rí ohùn jíjinlẹ̀ kan gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí rèé tí àwọn onímetal fi fẹ́ràn kí wọ́n máa ta ohùn méjì péré pọ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi G tí wọ́n gbé sókè díẹ̀, tó ń gbọ̀n nígbà 104, sáàárín wọn kí orin lè dùn sí i, ìyàtọ̀ tó máa jáde á di 22 àti 19, tí kò bá ohùn kankan mu. Ìjà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́nú nìyẹn. Èyí tó tún burú jù ni pé okùn tó nípọn ló ń mú iná tó pọ̀ jù wá. Òun ló kọ́kọ́ ń kún kọ́ńgò, tó ń gba àyè lọ́wọ́ àwọn yòókù. Gbogbo rẹ̀ á wá rọ̀ bẹ̀tẹ̀bẹ̀tẹ̀ bí àmàlà tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀, ohùn mẹ́rìndínlógún tí onígìtá ta kíákíá á sì di kíkùn kan ṣoṣo létí àwọn tó sanwó wá wò ó.

Píkọ̀ọ̀pù tó bá yẹ fún iṣẹ́ yìí, nígbà náà, ni èyí tó lè dín ohùn ìsàlẹ̀ kù kó tó dé ọ̀dọ̀ ampilifáyà, tó fún ohùn àárín àti ti òkè ní àyè, tó sì ń dáhùn kíá bí ọwọ́ bá ti kan okùn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Ẹni tó fẹ́ ta Metal á wọ ṣọ́ọ̀bù, á ní kí wọ́n fún òun ní èyí tó lágbára jù. Ó rò pé agbára ni Metal. Àmọ́ láti fi kún agbára píkọ̀ọ̀pù, yíyípo wáyà ni wọ́n sábà máa ń fi kún, bí wáyà bá sì ṣe ń pọ̀ ni ohùn òkè ṣe ń kú sínú rẹ̀. Èyí tó lágbára jù lè jẹ́ èyí tó dití jù.

Ìtàn ló fa àṣìṣe yìí. Ní 1972, nígbà tí Larry DiMarzio gbé píkọ̀ọ̀pù tó pè ní Super Distortion jáde ní New York, àwọn ampilifáyà ìgbà náà kò ní géènì tó pọ̀. Píkọ̀ọ̀pù tó lágbára ló máa ń tì wọ́n dé ibi tí ohùn ti ń rẹ́. Ó bọ́gbọ́n mu nígbà náà. Ṣùgbọ́n ampilifáyà tí wọ́n ń ṣe fún Metal lóde òní ní géènì tó ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè lò tán lọ. Kí wá ni èèyàn tún ń fi owó ra agbára tó ti ní nílé ṣe?

Ẹ̀tàn mìíràn ni nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára páálí. Àwọn tó ń tà á máa ń kọ iye tí wáyà inú rẹ̀ fi ń dènà iná. Ti apakíkùn Seth Lover àtijọ́ máa ń sún mọ́ 8 kílò-óòmù. Ti Super Distortion jẹ́ nǹkan bíi 13. JB tí ilé-iṣẹ́ Seymour Duncan ń ṣe ní California sún mọ́ 16. Àwọn oníbàárà ti sọ nọ́ńbà yìí di ìwọ̀n agbára, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Wáyà tó bá tín-ín-rín ju òmíràn lọ máa ń dènà iná jù ú lọ, kódà bí yíyípo wọn bá dọ́gba. Fífi nọ́ńbà yìí nìkan yan píkọ̀ọ̀pù dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi fífẹ̀ agbádá mọ bí ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe sanra tó.

Ọ̀rọ̀ òòfà náà ń fa àríyànjiyàn. Alnico, tí wọ́n fi alumínọ́ọ̀mù, níkẹ́lì àti kóbáàtì pò, ni ti àtijọ́, séràmíìkì lèkejì. Wọ́n ní ohùn séràmíìkì máa ń le, pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í rọ̀, pé ti Alnico máa ń tutù díẹ̀. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òòfà nìkan kò dá iṣẹ́ ṣe. Wáyà, yíyípo àti ibi tí wọ́n dè é mọ́ jọ ń ṣe é ni.

Ẹni tó wá ọ̀nà mìíràn gbà ni Rob Turner, tó dá ilé-iṣẹ́ EMG sílẹ̀ ní California ní 1976. Ó dín yíyípo wáyà kù kí ohùn òkè má baà kú, ó wá fi ampilifáyà kékeré pamọ́ sínú píkọ̀ọ̀pù fúnra rẹ̀ kó máa gbé ohùn tó kéré náà sókè. Bátìrì 9-volt ló ń gbé e ṣiṣẹ́. EMG 81 ló lókìkí jù nínú wọn fún Metal. James Hetfield àti Kirk Hammett ti ẹgbẹ́ Metallica lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ le bí igi, kíkùn rẹ̀ kéré, bí ọwọ́ bá sì bo okùn láti mú un dákẹ́, ó ń dákẹ́ wẹ́lo. Àwọn kan kò fẹ́ràn rẹ̀ ṣá, wọ́n ní gbogbo gìtá tó bá wọ̀ ọ́ á máa fọhùn kan náà, pé kì í jẹ́ kí èèyàn mọ̀ bóyá ọwọ́ líle ni onígìtá fi ta á tàbí ọwọ́ ẹ̀lẹ̀. Ẹ̀sùn yẹn kì í ṣe ẹ̀sùn kékeré fún ẹni tó fẹ́ kí wọ́n dá ọwọ́ òun mọ̀. Fún ẹni tí kíkíákíá àti ketekete jẹ lógún, kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan.

Ní 2014, ilé-iṣẹ́ Fishman ní Massachusetts mú Fluence jáde. Àwọn yìí kò wé wáyà mọ́ rárá. Ńṣe ni wọ́n tẹ ọ̀nà bàbà sórí pátákó pẹlẹbẹ bíi ti inú rédíò, wọ́n sì to ọ̀pọ̀ rẹ̀ léra. Ohùn méjì tó yàtọ̀ síra wà nínú ẹyọ kan, onígìtá á sì mú èyí tó wù ú. Ẹ má wá rò pé oníbátìrì nìkan ló lè ṣe iṣẹ́ yìí. Dimebag Darrell ti ẹgbẹ́ Pantera, tí wọ́n yìnbọn pa lórí pèpéle ní Ohio ní December 2004, píkọ̀ọ̀pù L-500XL aláìníbátìrì tí Bill Lawrence ṣe ló fi dá ohùn rẹ̀ tó mú bí abẹ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ Meshuggah ti ilẹ̀ Sweden, tí gìtá wọn ní okùn 8, tí èyí tó nípọn jù ń gbọ̀n ní bíi ìgbà 44 péré. Kò sí ibi tí ohùn ti yẹ kó pòrúúrúù tó ibẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ wọn, Johan Lundgren, ló ṣe M8 fún wọn, kò ní bátìrì, ohùn wọn sì dá ṣáká.

Àwọn tó lórúkọ nínú gbogbo ìwọ̀nyí, méjì lè gba igba dọ́là Amẹ́ríkà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìtíì ka owó ọkọ̀ òfuurufú àti ti aṣọ́bodè fún ẹni tó bá ń rà á wá sílé. Fún ọ̀pọ̀ olórin, owó oṣù púpọ̀ nìyẹn. Ó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ wo àwọn ohun tí kò gbowó.

Gẹ́nì ni àkọ́kọ́, ìyẹn géènì náà. Ọ̀pọ̀ ń yí i jù. Tí wọ́n bá dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí ohùn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé kò tó fún ẹni tó ń ta á lóun nìkan, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ló dáa jù nígbà tí ìlù bá wọlé. Ìkejì ni okùn tó ti gbó. Okùn tó ti dípẹtà kò ní ohùn òkè tí píkọ̀ọ̀pù máa gbọ́. Ẹni tó bá dẹ okùn rẹ̀ wálẹ̀ tún gbọ́dọ̀ fi èyí tó nípọn rọ́pò rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, okùn á máa jó lábẹ́ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ onímetal tún máa ń fi àpótí ẹlẹ́sẹ̀ títẹ̀ bíi Tube Screamer ti Ibanez ṣáájú ampilifáyà. Wọn kì í fi í wá ariwo, ìsàlẹ̀ tó pọ̀ jù ni wọ́n ń fi í gé kúrò.

Èyí tí wọ́n ń gbàgbé jù lọ kò gbà ju síkúrúdíráfà kan lọ. Síkúrù kéékèèké méjì ló wà ní ẹ̀gbẹ́ píkọ̀ọ̀pù, àwọn ló ń gbé e sókè tí wọ́n sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bó bá sún mọ́ okùn jù, ìsàlẹ̀ á borí gbogbo rẹ̀, òòfà á sì máa fa okùn débi tí ohùn rẹ̀ á fi máa mì, tí kò ní dúró lójú kan. Kí onígìtá tẹ okùn mọ́ ìgbẹ̀yìn ọrùn gìtá, kó fi rúlà wọn àyè tó wà láàárín okùn àti píkọ̀ọ̀pù. Níbi okùn tó nípọn, mìlímítà 2.4 ni ibi tó dáa láti bẹ̀rẹ̀. Níbi okùn tó tín-ín-rín, 1.6. Láti ibẹ̀, kó máa fi etí tẹ̀ lé e. Apá okùn tó nípọn nìkan tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ bí ìdajì mìlímítà ti gba àwọn mìíràn lọ́wọ́ ìnáwó tí wọ́n ti ń dáwó fún.

Bó bá ṣe gbogbo èyí tí ohùn kò sì já gaara, kó lọ rà á. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n so ìdí okùn mọ́ ni kó kọ́kọ́ pààrọ̀, nítorí ibẹ̀ ni okùn kì í ti í fì púpọ̀, ibẹ̀ ni ohùn Metal tó le ti ń wá. Ti ẹ̀gbẹ́ ọrùn lè dúró di ọjọ́ mìíràn. Kó béèrè bóyá wọ́n ti rì í sínú ìda, torí èyí tí wáyà rẹ̀ bá ń mì nínú á máa súfèé tí géènì bá ga. Kó mọ̀ pé nọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ń yí ohùn aláìníbátìrì sókè, 500 kílò-óòmù ni, ti EMG jẹ́ 25, wọn kò sì ṣe é pààrọ̀ fún ara wọn. Bí wáyà ilẹ̀ ilé tó ti ń ta á kò bá dára, kíkùn kan ṣì lè wà tí apakíkùn kò ní rí pa. Bó bá sì jẹ́ oníbátìrì ló rà, kó wo inú gìtá bóyá àyè bátìrì wà níbẹ̀, kó sì máa yọ okùn ampilifáyà kúrò lára gìtá lẹ́yìn tó bá ta á tán. Okùn yẹn ló ń tan bátìrì. Bó bá fi í síbẹ̀ mọ́jú, gìtá á sùn, bátìrì kò ní sùn.